Kọ́ọ̀dù Ìsorọ̀ lórí Úkúlélé

Ohun èlò orin tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí ní alẹ́ yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè gbé e sí abẹ́ apá rẹ̀, okùn mẹ́rin péré ni ó sì ní. Úkúlélé ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo bí a ti ń ta á ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni mo mú, èyí tí ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú nígbà tí wọ́n bá ti mọ kọ́ọ̀dù díẹ̀: àwọn kọ́ọ̀dù tí ìwé ń kọ “sus” sí lẹ́yìn orúkọ wọn. Wọ́n rí Csus4, wọ́n rí Gsus2, wọ́n há ibi tí a ń fi ìka sí sórí bí ọmọ ilé-ìwé ti ń há ìṣirò sórí, wọ́n sì ta á. Ṣùgbọ́n orin náà kò dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ burú sí i. Wọ́n a ní úkúlélé náà ni kò dára. Úkúlélé kò ṣẹ̀. Ohun tí a kò sọ fún wọn ni pé kọ́ọ̀dù yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi ìka dì mú nìkan, ìrìn ni. Ó ní ibi tí ó ti ń bọ̀, ó sì ní ibi tí ó ń lọ, ẹni tí kò bá sì mọ méjèèjì kò tíì mọ̀ ọ́n.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ ilé tí ohun èlò náà ti wá. Erékùṣù Hawaii ni, ní àárín Òkun Pàsífíìkì, ṣùgbọ́n àwọn Pọtogí ni wọ́n gbé ìyá rẹ̀ débẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1879 ni ọkọ̀ ojú omi tí à ń pè ní Ravenscrag gúnlẹ̀ sí Honolulu, tí ó kó àwọn ará erékùṣù Madeira tí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ oko ìrèké. Àwọn oníṣẹ́ igi mẹ́ta wà nínú wọn, Manuel Nunes, Augusto Dias àti José do Espírito Santo. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n padà sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní Honolulu, wọ́n sì ń kan gìtá kékeré ti ilẹ̀ wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ machete. Láti ara machete yìí àti èkejì rẹ̀ tí à ń pè ní rajão ni úkúlélé ti jáde, igi koa tí ó ń hù ní Hawaii ni a sì fi ń kan èyí tí ó dára jùlọ nínú wọn. Ọba Kalākaua fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ó sì mú un wọ ààfin. Àwọn kan sọ pé ìtumọ̀ orúkọ náà ni kòkòrò kékeré tí ń fò lára ajá, nítorí bí ìka ti ń fò lórí okùn. Ṣùgbọ́n Liliʻuokalani, àbúrò ọba náà lóbìnrin, ẹni tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ní 1891 tí a sì lé kúrò lórí ìtẹ́ ní 1893, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ akọ̀wé orin tí gbogbo ayé mọ̀, sọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀bùn tí ó wá síhìn-ín. Ti ọbabìnrin náà ni èmi gbà.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a wo okùn rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e dání, okùn tí ó sún mọ́ àgbọ̀n yín ni G, èyí tí ó tẹ̀lé e ni C, lẹ́yìn náà E, èyí tí ó sún mọ́ ilẹ̀ jùlọ sì ni A. Bí a bá fi C ṣe do, ohun tí okùn mẹ́rin náà ń sọ nígbà tí a kò tẹ̀ wọ́n ni sol, do, mi, la. Ẹ kíyèsí i pé okùn G tí ó wà lókè kì í ṣe èyí tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jùlọ, bí ó ti rí lórí gìtá. Okùn C ni ó rẹlẹ̀ jùlọ. Èyí máa ń ya ẹni tí ó ti mọ gìtá lẹ́nu, ṣùgbọ́n yóò ṣe wá ní àǹfààní láìpẹ́. Àwọn irin tín-ín-rín dábùú ọrùn rẹ̀. Àlàfo tí ó wà ṣáájú irin àkọ́kọ́ ni mo ń pè ní àlàfo kìn-ín-ní, èyí tí ó tẹ̀lé e ni ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni títí lọ. Ní ti ìka ọwọ́ òsì, àtàǹpàkò kò sí nínú ìṣirò wa: ìka tí ó tẹ̀lé e ni ìkìn-ín-ní, ìka kékeré sì ni ìkẹrin. Bí mo bá kọ nọ́ńbà mẹ́rin pọ̀, ẹ kà wọ́n ní ọ̀nà G, C, E, A. Òdo túmọ̀ sí pé kí a má tẹ okùn náà rárá. Nítorí náà 0003, tí í ṣe kọ́ọ̀dù C, ni pé kí a tẹ okùn A nìkan ní àlàfo kẹta.

Kọ́ọ̀dù ni ohùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró nínú ẹgbẹ́ akọrin rí mọ èyí tí ó ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo wọn: do, mi, sol. do ni ilẹ̀ tí a kọ́ ilé lé, sol ni òpó, mi ni ó sì ń sọ irú ilé tí ó jẹ́. Bí a bá rẹ mi sílẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀, kọ́ọ̀dù major di minor, orin tí ń yọ̀ a sì fajú ro. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìdùnnú tàbí ìbànújẹ́ kọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ ohùn àárín yìí. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà náà bí a bá yọ mi kúrò pátápátá, tí a sì fi aládùúgbò rẹ̀ dípò rẹ̀, bóyá fa tí ó wà lókè rẹ̀ tàbí re tí ó wà nísàlẹ̀? Ilé dúró, òpó dúró, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ bóyá ilé ìyàwó ni tàbí ilé ọ̀fọ̀. Èyí gan-an ni kọ́ọ̀dù sus. Bí ó bá jẹ́ fa ni ó gba ipò, a ń kọ ọ́ ní sus4, nítorí pé fa ni ìkẹrin láti orí do; bí ó bá jẹ́ re, sus2 ni. Ìsorọ̀ ni mo pè é ní èdè wa, nítorí ohun tí a so rọ̀ ti kúrò lókè, kò sì tíì dé ilẹ̀.

Àwọn tí ó mọ ìṣirò ohùn lè ṣàlàyé ìdí tí etí kò fi sinmi. Bí do bá gbọ̀n ní ìgbà 4, mi a gbọ̀n ní ìgbà 5, sol ní ìgbà 6. Nọ́ńbà kékeré ni wọ́n, wọ́n sì bá ara wọn rìn ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí fa bá wọlé tí ó dúró ti sol, 8 sí 9 ni ìwọ̀n àwọn méjèèjì, wọ́n sì ń fi ara ha ara wọn. Lórí úkúlélé, níwọ̀n bí okùn G ti ga, fa àti sol dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn gan-an láìsí àyè láàrin wọn, ìhara náà sì dún ketekete. Ẹni tí kò mọ ìṣirò pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Bí apàlọ́ bá jókòó lábẹ́ òṣùpá tí ó pe “Ààlọ́ o!”, tí àwọn ọmọ kò sì dáhùn, ta ni ó lè fara balẹ̀ níbẹ̀? Ìdáhùn náà kò tíì jáde, ṣùgbọ́n gbogbo etí ti ń gbọ́ ọ ṣáájú. fa ń pe mi ní ọ̀nà kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ kàn án. Ẹ fi ìka kẹta tẹ okùn A ní àlàfo kẹta, kí ẹ sì ta okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 0003, kọ́ọ̀dù C. Ẹ má ṣe gbé ìka yìí kúrò. Ẹ fi ìka kìn-ín-ní tẹ okùn E ní àlàfo kìn-ín-ní, kí ẹ tún ta á: 0013, èyí ni Csus4. Okùn E tí ń sọ mi ti gòkè di fa. Ẹ gbé ìka kìn-ín-ní náà sókè, mi padà wọlé. Ìka kan ṣoṣo ni ó ṣiṣẹ́. Bí ohùn kan bá kú nínú rẹ̀, ẹ ta okùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ mọ èyí tí ó kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìka kẹta ni ó sùn lórí okùn E tí ó sì pa fa, ohùn náà gan-an tí a torí rẹ̀ ṣe gbogbo làálàá yìí. Nígbà mìíràn ìka kìn-ín-ní ni ó fara kan okùn C. Ẹ tẹ ìka ba bí ẹsẹ̀ alántakùn, kí orí ìka nìkan fi kan okùn, kí ó sì wà ní ẹ̀yìn irin gẹ́lẹ́, kì í ṣe lórí rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé parí sí, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ kí úkúlélé tó wà ni àwọn akọ̀wé orin ìsìn ní Europe ti ń lo ìsorọ̀, Palestrina tí ó kú ní Rome ní 1594 sì wà nínú àwọn ọ̀gá wọn. Ní 1725, Johann Joseph Fux, olórí àwọn olórin ní ààfin Vienna, tẹ ìwé kan jáde ní èdè Látìn tí ó fi kọ́ni ní ìlànà wọn. Ó pín ẹ̀kọ́ náà sí ìpele márùn-ún, ìpele kẹrin sì ni ti ìsorọ̀. Ohun mẹ́ta ni ìlànà àtijọ́ ń béèrè. Èkínní ni ìpèsè: ohùn tí a óò so rọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú kọ́ọ̀dù tí ó ṣáájú, ní ibi tí ara ti rọ̀ ọ́. Èkejì ni ìsorọ̀ fúnra rẹ̀: àwọn ohùn yòókù ṣí lọ sí kọ́ọ̀dù tuntun, òun nìkan ni kò lọ. Ẹ̀kẹta ni ìsọ̀kalẹ̀: ó fi ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo rọra bọ́ sí àyè rẹ̀. Nítorí náà fa kì í ṣe àlejò tí ó já wọlé láìkànkùn. Ará ilé tí a fi sílẹ̀ ni, tí ó pẹ́ kí ó tó dìde.

Ẹ wá wo bí ìka ti ń wàásù ìlànà yìí lórí úkúlélé. Kọ́ọ̀dù F ni 2010: ìka kejì wà lórí okùn G ní àlàfo kejì, ìka kìn-ín-ní wà lórí okùn E ní àlàfo kìn-ín-ní. Kí ni okùn E ń sọ níbẹ̀? fa ni, ní ilé ara rẹ̀, nítorí fa, la, do ni kọ́ọ̀dù náà. Ẹ ta á. Ẹ gbé ìka kejì kúrò, kí ẹ sì fi ìka kẹta tẹ okùn A ní àlàfo kẹta, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣí ìka kìn-ín-ní nípò. Ó ti di 0013. Ẹ ta á. Nísisìyí ẹ gbé ìka kìn-ín-ní sókè: 0003. Ìpèsè, ìsorọ̀, ìsọ̀kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìka kan tí ó kọ̀ láti dìde nígbà tí àwọn yòókù ti lọ. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti ń ta Csus4 fún oṣù púpọ̀ láìmọ adùn rẹ̀, tí ó gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan tí ó sì dákẹ́, tí ó tún un ta ní ìgbà mẹ́wàá.

Etí yín yóò mọ ìró náà. Àmín tí a ń kọ ní ìparí orin ìsìn ni. Lórí “À” a máa ń wà ní kọ́ọ̀dù fa, lórí “mín” a ń bọ̀ sílé sí do, ọ̀kan nínú àwọn ohùn, áátò tàbí tẹ́nọ̀, a sì sọ̀kalẹ̀ láti fa sí mi. Ní Àmín lásán, gbogbo ohùn ṣí papọ̀. Bí a bá so ó rọ̀, àwọn yòókù ti dé “mín” tán kí ẹni tí ó di fa mú tó tẹ̀lé wọn. Dùùrù ńlá ń ṣe èyí, igi kékeré olókùn mẹ́rin yìí pẹ̀lú sì lè ṣe é.

Ohun kan kù tí ìwé fún ìka kì í sábà sọ, òun ni àkókò. Ìsorọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí orí iye tí ó wúwo, ìsọ̀kalẹ̀ sí orí èyí tí ó fúyẹ́. Ẹ kà 1, 2, 3, 4 ní ìdọ́gba. Ẹ ta F ní ìgbà mẹ́rin. Nígbà tí ẹ bá tún pe 1, kí Csus4 wọlé, kí ẹ ta á lórí 1 àti 2, kí C sì wọlé lórí 3. Bí ẹ bá yí i padà, tí sus bọ́ sórí iye tí ó fúyẹ́ tí C sì bọ́ sórí èyí tí ó wúwo, ìró náà kò ní já sí nǹkankan. Yóò dà bí ẹni tí ìka rẹ̀ yọ̀ díẹ̀ tí ó sì tún un ṣe. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni ìkánjú. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ìhara fa àti sol, ẹ̀rù bà á pé òun ti ṣì í ta, ó sì yára gbé ìka kúrò kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Kí ó gbọ́ ọ. Kí ó jẹ́ kí àwọn tí ó jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú àáyá kan tí ó le yẹn ni owó tí a fi ń ra adùn mi tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kọ́ọ̀dù G ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìmúrasílẹ̀. 0232 ni G: ìka kìn-ín-ní lórí okùn C, ìka kejì lórí okùn A, àwọn méjèèjì ní àlàfo kejì, ìka kẹta sì wà lórí okùn E ní àlàfo kẹta. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi ìka kékeré tẹ okùn A ní àlàfo kẹta níwájú ìka kejì: 0233 ni Gsus4. Ìka kejì kò ṣe nǹkankan nísisìyí, ó kàn ń dúró lábẹ́. Nígbà tí ìka kékeré bá dìde, òun ni ó gba ohùn náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ìpèsè tòótọ́ láti C wá, ìka kékeré ni kí ẹ fi ta C yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìka kẹta. Okùn A wà ní àlàfo kẹta ní C, ó wà ní àlàfo kẹta ní Gsus4. Do ni ó ń kọ nínú méjèèjì, lẹ́yìn náà ni ó sọ̀kalẹ̀ sí ti. Ìka kékeré kò lágbára, yóò sì ṣàròyé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe wákàtí kan ní ọjọ́ Sátidé.

Ní ti sus2, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ẹ ti mọ̀ ọ́n láìmọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá wá Csus2 nínú ìwé, 0233 ni ẹ óò rí. Èyí kọ́ ni Gsus4 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ta bí? Òun náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí do ti ń ṣí nípò yóò rí ìdí rẹ̀: ẹ kọ do, fa, sol; ẹ wá sọ fa yẹn di do tuntun, àwọn ohùn mẹ́ta kan náà ti di sol, do, re. Sus4 ti ọ̀kan ni sus2 ti èkejì. Nípa bẹ́ẹ̀ 0013 ni Csus4 àti Fsus2; 0233 ni Gsus4 àti Csus2; 0230 ni Dsus4 àti Gsus2; 2200 ni Asus4 àti Dsus2. Kọ́ọ̀dù mẹ́jọ ni ìwé kà, mẹ́rin péré ni ọwọ́ ní láti kọ́. Kí ni ó ń sọ èyí tí ó jẹ́? Nínú ẹgbẹ́ akọrin, báàsì ni. Úkúlélé kò ní báàsì, nítorí náà kọ́ọ̀dù tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé ni wọ́n ń fún un ní orúkọ. Bí ẹ bá ti 0233 lọ sí 0232, Gsus4 ni. Bí ẹ bá tì í lọ sí 0003, Csus2 ni, re rẹ̀ sì ti gòkè sí mi.

Àwọn kan wà lóde òní tí kì í tú u sílẹ̀ rárá. Herbie Hancock, atẹ dùùrù ará Amẹ́ríkà, gbé orin kan jáde ní 1965, Maiden Voyage, tí ó jẹ́ pé láti orí ìsorọ̀ kan ni ó ti ń ṣí lọ sórí òmíràn, tí etí kò sì rí ilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrìn ojú omi ni orin náà, ó sì yẹ ẹ́. N kò dá a lẹ́bi. Ó mọ ibi tí ilé wà kí ó tó pinnu láti má padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ilé ná.

Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ ta àwọn mẹ́fà yìí ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ní ìgbà méjì méjì, láìkánjú: F, Csus4, C, Gsus4, G, C. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún okùn ṣe, nítorí okùn ọ̀rá tuntun a máa nà fún ọjọ́ mélòó kan, ohùn rẹ̀ a sì máa lọ sílẹ̀. Bí ẹni méjì bá wà nítòsí, kí ọ̀kan kọ ohun tí okùn E ń sọ: fa, fa, mi, sol, sol, mi; kí èkejì kọ ti okùn A: la, do, do, do, ti, do. Ẹni àkọ́kọ́ yóò mọ ìgbà tí òun ń dúró lórí fa, ẹni kejì yóò mọ ìgbà tí òun ń dúró lórí do, ẹni tí ó mú úkúlélé yóò sì gbọ́ láti ẹnu wọn ohun tí ìka rẹ̀ ń ṣe.